Ọ̀bẹ Ọlọ́wọ́ Òsì Tí Ọdẹkúnlé Ní Òun Ń Tún Ṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá gbé e jù sílẹ̀ o. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó gbọ́n ju gbogbo èèyàn lọ nínú ẹbí yín. Ẹ mọ ẹni tí mò ń bá wí. Kò sí ẹbí tí kò ní irú ẹ̀.

1.
Fàyàwọ́ ìrẹsì ni Ọdẹkúnlé ń ṣe ní Ìdí-Ìrókò. Ọ̀kadà ló fi ń kó o gba inú igbó, ẹnu ẹ̀ sì fẹ̀ ju bodè lọ. Tó bá wálé ọdún ní Ayétòrò, "ẹ̀yin ará oko" ló ń pe àwọn ará ilé ẹ̀. Faransé táátààtá tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Kùtọnu ló fi ń kí ìyá àgbà. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́" àwọn Faransé, "Bọ̀ǹsúà!", òun ló fi ń kí wọn láàárọ̀ kùtùkùtù!

Ọdún 2019 dé, ìjọba ti bodè pa. Ọ̀gá fàyàwọ́ ti ọ̀kadà tí kò ní epo wọ Ayétòrò bí ẹni tó ń ti ọmọlanke. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Adégbóyè, ló gbà á sílé. Àrìnpé, ìyàwó Adégbóyè, ló ń bu oúnjẹ fún un.

2.
Iṣẹ́ apẹ̀rẹ̀ híhun ni Adégbóyè ń ṣe. Á fi ọ̀bẹ fá èèpo imọ̀ ọ̀pẹ títí á fi fẹ́lẹ́, á wá hun ún. Bodè tí wọ́n tì yìí, oore ló ṣe fún un, torí àwọn apẹ̀rẹ̀ oníke tó ń ti Kùtọnu wọlé kò wọlé mọ́. Màmá Mùínátù tó ń ta ata ní Ìlaròó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá, ó ní apẹ̀rẹ̀ Adégbóyè nìkan ni kì í já òun kulẹ̀ lọ́nà.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Adégbóyè. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń fá ọ̀pẹ yìí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ kejì á tẹ́ pẹrẹsẹ, òun ló ń sùn lé èèpo kí ọ̀bẹ má baà jìn wọlé. Ẹni tó bá ń fi ọ̀tún fá, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló máa pọ́n. Adégbóyè, ẹ̀gbẹ́ òsì ló ń pọ́n tiẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á lóye ẹ̀.

Ọdẹkúnlé kò lóye ẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni pé ẹ̀gbọ́n òun ń fi ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́ lójú títì, ó ń dójú ti ìdílé. Òun tó ń jẹun ẹ̀ lójoojúmọ́ o! Kò rí òsì nínú ọbẹ̀ tó ń lá.

3.
Lọ́jọ́ kan, Adégbóyè lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ lọ́nà Imasayi, torí ọjọ́ tí Màmá Mùínátù máa wá kó apẹ̀rẹ̀ ti súnmọ́. Ni Ọdẹkúnlé bá jókòó sórí àpótí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó fi ọ̀tún mú ọ̀bẹ, ó fá èèpo. Ọ̀bẹ jìn wọlé, èèpo já. Ó mú òmíràn, ó tún já.

"Ìyàwó wa, ṣé o rí i?" ló wí fún Àrìnpé. "Ọ̀bẹ yìí ti burú bí ọwọ́ tó ń lò ó. Màá sọ ọ́ di ọ̀bẹ gidi."

"Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ fi ọ̀bẹ ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀. Òun ló ń bọ́ gbogbo wa."

"Ẹ̀yin obìnrin! Kí lẹ mọ̀ nípa irin?"

Irin! Ẹni tí kò pọ́n àdá rí láyé ẹ̀! Bí Àrìnpé ṣe gba oko lọ, ni Ọdẹkúnlé bá gbé ọ̀bẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gbẹ́ òsì kó tẹ́, kí wọ́n wá yọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

"Ṣé ó dá yín lójú?" ni wẹ́dà bi í.

"Èmi ni mo ni ọ̀bẹ, àbí ìwọ?"

Irọ́ gbuu. Ó gbé ọ̀bẹ padà síbi tó ti mú un, ó sì gba ìdí ayò lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

4.
Adégbóyè wọlé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń kánjú. Ó fi òsì mú ọ̀bẹ, ó fi ọ̀tún di èèpo mú, ó fà á bó ṣe ń fà á láti kékeré. Ọ̀bẹ kọ̀, kò sùn. Ó ta, ó wọ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá.

Igbe tó ké gbé gbogbo àdúgbò dìde. Ní ọsibítù, wọ́n rán ojú ọgbẹ́. Dókítà ní iṣan ti já, àwọn ìka yẹn kò ní lè di nǹkan mú dáadáa mọ́. Àrìnpé bú sẹ́kún.

Adégbóyè wojú àbúrò ẹ̀. "Ọdẹkúnlé, kí lo ṣe sí ọ̀bẹ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo kàn ní kó dà bíi ti gbogbo ayé ni."

"Ṣé mo bẹ̀ ẹ́ ni?"

 Ni ẹlẹ́nu bí abẹ bá yọ́ jáde ní ọsibítù.

5.
Màmá Mùínátù ní sùúrù títí, ó wá lọ bá alápẹ̀rẹ̀ míì ní Ìlárá. Ọdẹkúnlé ní kò burú, òun máa hun ún fúnra òun. Ọwọ́ ọ̀tún náà ló lò o, ọwọ́ tó fi ń fọ́nnu! Èyí tó hun tú nílẹ̀ kí wọ́n tó da ata sí i. Àwọn obìnrin ọjà rẹ́rìn-ín títí, omi bọ́ lójú wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Adégbóyè ń gbìyànjú láti de bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìka kò dáhùn. Ọdẹkúnlé dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é."

Adégbóyè sún sẹ́yìn. "Má ṣe nǹkan kan fún mi mọ́ láyé."

Àrìnpé ló wá de bọ́tìnnì náà. Ọdẹkúnlé di ẹrù ẹ̀, ó jáde. Kò sẹ́ni tó ní kó má lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra o! Kí o tó tún nǹkan oníǹkan ṣe, bi oníǹkan ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Má ṣe wá àléébù sí ọwọ́ tó ń fún ẹ lóúnjẹ. Tó bá ń ṣe ẹ́ bíi pé ìwọ nìkan lo gbọ́n nínú ilé, jọ̀ọ́, lọ sùn. Àwọn àgbà kò purọ́: ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun lọwọ́ fi ń mọ́.