Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Káfíńtà Sọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ó ti yé yín. Ẹ ka ìtàn yìí tán pátápátá, torí ìdajì ọ̀rọ̀ gan-an ló ba ayé ọkùnrin yìí jẹ́.

1.

Káfíńtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Àbọ̀-Ọ̀rọ̀. Òwe ló fi ń ṣe ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kì í pa òwe tán. Bí oníbàárà bá ń pariwo pé ilẹ̀kùn òun kò tíì ṣe tán, á ní, "A kì í fi ìkánjú..." á sì máa fá igi rẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá jí ìṣó rẹ̀, á ní, "Ọjọ́ gbogbo ni tolè..." Ẹni tó bá ní kó parí rẹ̀, á wò ó bíi pé kò gbẹ̀kọ́ nílé.

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí," ló máa ń wí. "Tó bá dénú rẹ̀, á di odidi." Òwe kan ṣoṣo tó máa ń pa tán nìyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ irú wọn. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni.

2.

Télọ̀ kan wá gba ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe ọmọ ìlú yẹn. Iṣẹ́ ló gbé e wá. Pákó lásán ló wà láàárín wọn. Káfíńtà a máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ, Télọ̀ náà a máa gbọ́ ayùn. Lọ́jọ́ kan, òjò dé lójijì, òrùlé Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ló bá gbá aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ́ àyà, ó sáré wọ ọ̀dọ̀ Káfíńtà.

"Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé..." Káfíńtà wí.

"Pọ̀ mọ́ adìẹ!" Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Èwo wá ni tèmi níbẹ̀, Bùọ̀dá?"

Inú Káfíńtà dùn débi pé ó fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti sọ àbọ̀ níhìn-ín, obìnrin náà á parí rẹ̀ láti ẹ̀yìn pákó. Kò ṣàṣìṣe rí. Ìfẹ́ wọ ọkùnrin yìí lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan bẹ́ẹ̀dì kan tí kì í ṣe ti oníbàárà kankan, ó sì ń wí nínú ara rẹ̀ pé ilé òun ti di ilé Télọ̀. Kò sọ ọ́ síta o. Ṣé ẹni tó ń parí òwe ẹni kò ní mọ ohun tó wà nínú ẹni ni?

3.

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀ pè é pé ṣọ́ọ̀bù kan ti ṣófo nílùú wọn, kó máa bọ̀. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà Káfíńtà.

"Bùọ̀dá, wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé. Kí lẹ rí sí i?"

Gbogbo ara ọkùnrin náà ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ṣùgbọ́n ó tún fá igi díẹ̀, ó ní, "Àjò kì í dùn..."

Télọ̀ dúró, ó ń retí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn, ó ní, "Ó dáa, Bùọ̀dá. Mo ti gbọ́." Ó yí padà, ó lọ.

Nírọ̀lẹ́, ìyá Káfíńtà bi í pé, "Ṣé o sọ fún un?"

"Mo sọ fún un, Màámi. Mo sọ àbọ̀."

"Ta ló ń fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ fẹ́yàwó? Dìde, lọ sọ ọ́ tán!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Màámi. Ṣé ọmọ ọwọ́ ni, tí màá máa jẹ ẹ́ sí i lẹ́nu? Tó bá nífẹ̀ẹ́ mi, á parí ẹ̀."

Obìnrin náà sì parí rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí Káfíńtà débi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Ṣọ́ọ̀bù náà ti ṣófo; òwú pupa díẹ̀ ló kù nílẹ̀.

4.

Ó gbà pé obìnrin náà kọ òun ni. Ìgbéraga kò sì jẹ́ kó pè é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: àárò rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Bí òjò bá ti ṣú, á dá ayùn dúró, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Ó máa ń sọ àbọ̀ òwe sí pákó, pákó kì í dáhùn. Orí ẹní ló ń sùn nílé. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan tó pọn ọmọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń kọjá lọ, ó ní kóun yà kí Bùọ̀dá.

Káfíńtà gbé àga fún un. Kò lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra mọ́. "Kí ló dé tó o lọ?"

Obìnrin náà yanu. "Èmi kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ lé mi! Ẹ ní, 'Àjò kì í dùn kónílé má relé.' Àlejò sì ni mí níbí. Mo ní, á à, wọ́n ti ní kí n máa lọ sílé mi nìyẹn."

"Ọ̀hún tó o fẹ́ lọ ni mo pè ní àjò!" Káfíńtà fèsì. "Ibí ni mo pè ní ilé rẹ."

Ọmọ ẹ̀yìn Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ náà," obìnrin náà wí pẹ̀lẹ́, "mò ń retí kí ẹ ṣáà sọ pé, 'Má lọ.' Ká ní ẹ sọ ọ́ ni, mi ò ní lọ."

Ọkọ rẹ̀ pè é láti títì. Ó dìde, ó tún ọmọ pọ̀n, ó kúnlẹ̀ dágbére. Káfíńtà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níkùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, odidi ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹlòmíràn ló wà níwájú rẹ̀.

"Ó dàbọ̀," ló sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò bá òwe jà. Ẹ fi dá oníbàárà lóhùn, ẹ fi ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ò bá fẹ́ kó lọ, ẹ wí fún un ní gbangba, kí ọkọ̀ tó gbé e. Ẹ má gbà pé ó mọ̀. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wúwo, kó tó pẹ́ jù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.