Ọjọ́ Tí Màmá Kíṣìnnì Kọ̀ Láti Fọ Ife

Ìyàwó díákónì ló wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná ìjọ lọ́wọ́ Màmá Kíṣìnnì.

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi títí di Sọ́ńdè, Màmá. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Màmá Kíṣìnnì mú un fún un, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń se tíì fún ìjọ. Bí ìwàásù bá ti ń parí lọ, á rọra dìde, á gba ẹ̀yìn jáde, kí omi lè ti hó kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Òun náà ló ń fọ ife, òun ló ń nu àga.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ nìkan. Díákónì fúnra rẹ̀ ti wá bi í bó ṣe ń po ọṣẹ tí ife fi ń dán. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ti ń gbá a léjìká: "Màmá, ẹ ti ṣe bẹbẹ. Ó tó kí ẹ sinmi."

Ó lọ bá awakọ̀ ìjọ, ẹni tó máa ń tètè jáde lọ gbé bọ́ọ̀sì síta. Bàbá Géètì, tó máa ń ṣọ́ ẹnu géètì ìjọ, wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ èmi náà," ni awakọ̀ wí.

"Wọ́n gba fèrè mi," ni Bàbá Géètì wí. "Ṣé ká lọ bẹ Pásítọ̀ ni?"

"Ká bẹ ta ni?" Màmá Kíṣìnnì fò dìde. "Wọ́n fẹ́ fọwọ́ òsì júwe ilé fún wa, ẹ tún ní ká bẹ̀bẹ̀? Tó bá di Sọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n á mọ̀ pé tíì kì í dédé dénú ife!"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sílé Màmá Kíṣìnnì. Ìjókòó náà kò gbà wọ́n. Nígbà tó yá, Màmá Kíṣìnnì wọ aṣọ tó dáa jù, ó ní kí àwọn lọ fojú ara àwọn rí bí ojú ṣe máa ti àwọn ará ìjọ.

Alàgbà kan tó wọ kóòtù ló ń fọn fèrè lẹ́nu géètì, òógùn bò ó. Ní ilé ìdáná, díákónì ti ki ọwọ́ bọ ìfófòó ọṣẹ dé ìgúnpá. Omijé lé ròrò sójú Màmá Kíṣìnnì, ó sì bínú sí omijé náà. Ó wọ inú ìjọ lọ, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ ti rí àwọn tó máa rọ́pò wa, àbí? Ó dáa! Ẹ sọ ọ́ lójú wa, mi ò ní sunkún!"

Gbogbo ìjọ yíjú padà. Lẹ́yìn náà, wọ́n dìde dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ pẹ́ tó báyìí?" Pásítọ̀ na ọwọ́ sí àga mẹ́ta tó ṣófo níwájú. "Àga yín nìyí. Ṣebí ó ti pẹ́ tí a ti ń kéde lẹ́yìn ìwàásù pé òní la máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pé ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kankan, àwa la máa sìn yín?"

Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń kéde rẹ̀, Màmá Kíṣìnnì wà lẹ́yìn ilé, ó ń se tíì fún àwọn tó ń gbọ́ ọ.