Pápá Ìjàkadì Ìbarà

Ilẹ̀ gbalasa kan wà ní apá Ìbarà tí ẹnikẹ́ni kò dá oko sí nítorí àpáta. Ibẹ̀ ni Túbọ̀sún gbẹ́nàgbẹ́nà ti fi igi fa ìlà róbótó kan sílẹ̀, lọ́dún kẹfà tí àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Abẹ́òkúta. Olóyè Adétáyọ̀ tó ni ilẹ̀ náà dúró tì í.

"Ibo ni èmi yóò jókòó sí?"

"Ibi tó bá wù yín ni, bàbá. Ìtí igi la ó fi ṣe ìjókòó yí i ká. Gbogbo rẹ̀ ni yóò dọ́gba."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Bákan náà, bàbá."

"Ẹrú mi ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Túbọ̀sún bá wá. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku. "Bí ẹ bá lè gbà kí òun náà jà, bàbá. Kí á má ki oríkì ẹnikẹ́ni kó tó wọ inú iyanrìn. Orúkọ nìkan la ó pè. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, òun ni wọ́n dá."

Ọmọdé ni Túbọ̀sún nígbà tí wọ́n jí i tà. Ọkọ̀ ogun àwọn òyìnbó ló gbà á sílẹ̀ lójú òkun, Sàró ló sì ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó padà délé, ó rí i pé àgbàlá olóyè ni wọ́n ti ń jìjàkadì, iṣẹ́ àwọn ẹrú níbẹ̀ kò sì ju kí wọ́n bá àwọn ọmọ onílé di aṣọ mú. Lójú rẹ̀ ni wọ́n ṣe na ẹrú kan tó dá ọmọ olówó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́kàn.

Ó ti múra pé oṣù mélòó kan lòun yóò fi bẹ olóyè. Àmọ́ olóyè họ irùngbọ̀n díẹ̀, ó ní, "Ó dára. Gbogbo ẹrú mi ni yóò jà. Kò sí ẹni tí yóò fà sẹ́yìn."

Túbọ̀sún dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àwọn ẹrú olóyè ló bá a ṣiṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Láwàlì, ọkùnrin gàgàrà kan láti òkè ọ̀hún, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò ní ìbàdí. Omi nìkan ni wọ́n ń ní kó rù. Ọ̀lẹ paraku ni gbogbo ilé ń pè é, òun náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn yòókù ti lọ kó iyanrìn létí odò Ògùn. Ìtí igi kan yí, ó wá há ẹsẹ̀ Túbọ̀sún mọ́lẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló gbé igi náà débẹ̀ láàárọ̀. Láwàlì sọ omi tó rù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dá a gbé, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Láwàlì!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Kí ló dé?"

"Ìbàdí ń dùn mí."

Túbọ̀sún rò pé ẹ̀rù pàṣán ló ń bà á. "Kò sí ẹni tí yóò nà ọ́ lórí pápá yìí. Olóyè fúnra rẹ̀ ló ní kí gbogbo ẹrú jà."

Láwàlì gbé omi rẹ̀ rù padà. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ pápá náà, ọ̀gá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí pápá náà, ará Ìbarà wá, ará Òwu wá. Àwọn mùsùlùmí jókòó ti àwọn Sàró tó wọ bàtà. Olóyè Adétáyọ̀ jókòó sórí ìtí igi bíi ti gbogbo ayé, òun àti àlejò méjì láti Àjàṣẹ́. Túbọ̀sún wo inú èrò, kò mọ ẹni tó jẹ́ ẹrú mọ́.

Wọ́n pe Láwàlì. Ẹni tó bá a wọ̀yá ìjà kò tíì dì í mú dáadáa tí Láwàlì fi ṣubú lulẹ̀ bí àkísà. Ẹ̀rín sọ. Ó dun Túbọ̀sún wọ akínyẹmí ara. Kó tó mọ̀, ó ti dìde.

"Olóyè, ọkùnrin yìí ń tàn yín ni! Ìṣojú mi ló ti dá igi tí ẹni mẹ́rin ń gbé gbé!"

Gbogbo èrò kọjú sí Láwàlì.

"Láwàlì," ni olóyè wí, "òótọ́ ni?"

Láwàlì gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ó yá, jà. Bí o bá tún mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú, ìyàwó rẹ ni yóò jìyà rẹ̀."

Ọmọ olóyè ni wọ́n kọ́kọ́ fi kò ó lójú. Láwàlì gbé e ṣánlẹ̀. Ó dá èkejì, ó dá ẹ̀kẹta, ó dá márùn-ún. Ọmọ olóyè fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ Láwàlì sókè. Àwọn ọmọ onílé ń pariwo orúkọ ẹrú, omijé sì ń bọ́ lójú Túbọ̀sún.

"Ọkùnrin yìí kò tún ní ru omi nílé mi mọ́!" ni olóyè kéde. Ariwo ayọ̀ gba pápá kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Túbọ̀sún mú bùbá tuntun kan, ó fẹ́ lọ fi kí Láwàlì kú oríire. Ẹnu ọ̀nà àgbàlá olóyè ló ti pàdé olóyè fúnra rẹ̀.

"Túbọ̀sún, o ṣeun. Àwọn àlejò mi ní oṣù tó ń bọ̀ làwọn tún ń bọ̀ wá wòran."

Ó wọlé. Kùdírátù ìyàwó Láwàlì jókòó sídìí ọpọ́n epo tí kò tíì fọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Láwàlì dà?"

"Àwọn àlejò olóyè ti mú un gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ lọ sétí òkun."

Bùbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré dé ẹnubodè. Àwọn oníbodè ní àwọn tí wọ́n so pọ̀ ti rìn jìnnà. Nígbà tó padà dé, obìnrin náà kò tíì kúrò níbi tó wà.

"Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe ọ̀lẹ, ọ̀gá," ni Kùdírátù wí, "kí ẹnikẹ́ni má baà fẹ́ rà á."