Pákó Abẹ́ Bẹ́ńṣì

Ìyàwó ọ̀la ń tú ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀, káfíńtà, bí adìyẹ tó ń tú ààtàn. Igi lásán ló fẹ́ gbé òdòdó lé láàárín tábìlì àlejò, ṣùgbọ́n pákó tó ti kọ̀ á tó kọ́ ìlú!

Ó fa ọ̀kan jáde lábẹ́ bẹ́ńṣì. Èèpo wà létí ẹ̀, òórùn ẹ̀ lè jí òkú.

"Bàbá, èyí ni!"

"Ìyẹn kọ́, ọmọ mi."

"Àbí ẹ fẹ́ fi fẹ́yàwó kejì ni?"

Bàbá wúkọ́ títí òrùlé fi fẹ́ẹ̀ ṣí. Ó mú ayùn, ó ń gé e kéékèèké.

"Ẹ gé sí i, tábìlì ṣì kù."

Bàbá bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí èyí tó kù, ó káwọ́ lé àyà bí òkú inú pósí.

"Ó tó, ọmọ mi. Bí mo bá tún gé e, kò ní gbà mí mọ́."