Ohun Tí Ṣùkúrátù Fi Wọ́dúróòbù Bò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kun ilé lọ́dún yìí, ẹ ní sùúrù, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ó lè jẹ́ yàrá yín ni mò ń sọ.

1.
Ṣùkúrátù tí ń ta ike ní Kétu fẹ́ kun inú ilé rẹ̀ ní Ìkòsì kí àwọn àna Nimat, ọmọ rẹ̀, tó wá mọ ilé. Ohun kan ló ṣọ̀wọ́n lójú rẹ̀: aṣọ òfì tí ìyá rẹ̀ gbé wá láti Ìsẹ́yìn. Nimat ni yóò ró o lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Inú wọ́dúróòbù tí kì í sábà ṣí ló tì í mọ́, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró.

Wọ́n ti kìlọ̀ fún un nípa àwọn pẹ́ńtà. Wọ́n ní wọn a máa fomi la ọ̀dà, wọn a ta ìyókù. Wọn a máa wá àléébù sára ògiri kí owó lè gbéra. Bẹ́ẹ̀ ògiri kan nínú yàrá rẹ̀ ń bó, ó tutù, nítorí balùwẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni Ṣùkúrátù ṣe? Kí pẹ́ńtà tó dé, ó taari wọ́dúróòbù lọ bo ibẹ̀.

2.
Àyàndélé pẹ́ńtà dé láti Alápẹ̀rẹ̀. Ó ń kan ògiri bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, Ṣùkúrátù ń ṣọ́ ọ. Ó bi í léèrè ìdí tí owó ilé kan fi ń ju ti èkejì lọ. Àyàndélé ní bí àjà bá ga, iṣẹ́ pọ̀. Bí àwọ̀ àtijọ́ bá dúdú, a ó kùn ún léraléra kó tó bò. Ọ̀dà tó ṣeé fọ̀ sì wọ́n ju èyí tí kò ṣeé fọ̀ lọ.

"Ṣùgbọ́n ògiri gan-an ló ń dá iye lé iṣẹ́, Mummy. Èyí tó bá ń mu omi, a ó wá ibi tómi ti ń wọlé, a ó ha á, a ó jẹ́ kó gbẹ. Ẹ jẹ́ n wo ẹ̀yìn wọ́dúróòbù yìí."

"Kí lo fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Ògiri ni."

"Èyí tó o ti rí ò tó ọ? Àbí ohun tó wà nínú wọ́dúróòbù lò ń wá?"

Àyàndélé wolẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ wọ́dúróòbù ti ha ilẹ̀ ṣì funfun. Ó wo Ṣùkúrátù. Ṣùkúrátù di kọ́kọ́rọ́ mú.

"Kò burú, Mummy. Ibi tẹ́ ẹ fi hàn mí náà ni mo máa kùn."

Ó kùn yí wọ́dúróòbù po. Ṣùkúrátù jókòó ti garawa ọ̀dà títí iṣẹ́ fi parí. Ó rò pé òun ti gbọ́n jù ú lọ.

3.
Àwọn àna wá, wọ́n yin ilé. Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Òórùn kan gba yàrá. Ṣùkúrátù fura sí eku, ó fura sí gọ́tà, ó fura sí ayálégbé ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, Nimat gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣí wọ́dúróòbù. Pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Òfì ti bu, ó lẹ̀ mọ́ pákó. Ó fà á, ó ya. Ó tún rọra fà á, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣùkúrátù pe Àyàndélé lórí fóònù. Ó ní ó mọ̀ pé ògiri ẹ̀yìn wọ́dúróòbù ń mu omi, kò sì sọ. Àyàndélé dá a lóhùn.

"Mo mọ̀, Mummy. Ẹ ti pè mí lólè kí n tó lanu."

Nimat mú ègé òfì dání, ó ń wo ibi tí ẹsẹ̀ wọ́dúróòbù ti ha ilẹ̀.

"Mummy, ta ló gbé wọ́dúróòbù síbí?"

Ṣùkúrátù ò rí ẹni fura sí mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ máa fura, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má fura. Ẹ bèèrè iye, ẹ dúró ti iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má torí owó fi ògiri tó ń ṣàìsàn pamọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ pè wá tún un ṣe. Ohun tẹ́ ẹ bá bò, ẹ̀yin náà ni yóò bá gbélé. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra àtikunlé: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.