Agolo Bọ́tìnnì

Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò éèdì wà lára onígbàjámọ̀, èèyàn méjì péré ló sọ fún. Èkíní ni olólùfẹ́ rẹ̀, ọkùnrin tó ń kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́dà. Ọlọ́dà náà ti ń lo oògùn kòkòrò yìí tipẹ́, ara rẹ̀ sì le koko. Èkejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, tó gbà á sílé lọ́jọ́ tí bàbá wọn ní òun kò bí ọmọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin.

Ẹ̀gbọ́n sunkún, ó nujú, ó ní, "Ọjọ́ tó o bá fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ lara rẹ máa yá." Onígbàjámọ̀ kò bínú. Ìfẹ́ ló kà á sí.

Kò lè dé ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá rí i níbẹ̀, ta ló tún máa gbé orí fún kílípà rẹ̀? Ọlọ́dà ló ń bá a gba oògùn wá. Á bó ìwé ara igò kúrò, á ya ẹyẹ kékeré kan sí i, á wé e sínú ọ̀rá. Onígbàjámọ̀ kì í tú u wò. Ó kàn ń gbé e fún Ẹ̀gbọ́n. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n á gbé omi wá pẹ̀lú wóró kan, róbótó, aláwọ̀ ìyeyè, tó kan díẹ̀ lẹ́nu.

"Gbé e mì, ọmọ ìyá mi." Á dúró tì í títí yóò fi gbé e mì.

Bọ́tìnnì tuntun ni Ẹ̀gbọ́n ń rà sí ẹ̀wù àwọn oníbàárà, bẹ́ẹ̀ agolo ńlá tó ń kó bọ́tìnnì sí wúwo lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Onígbàjámọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ahun ni, bọ́tìnnì ló fẹ́ kó lọ sọ́run. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ara kò yá. Ṣòkòtò ń bọ́ nídìí rẹ̀, ikọ́ kì í jẹ́ kó gé orí kan parí. Lọ́jọ́ kan Ọlọ́dà gbé oògùn tirẹ̀ mì níṣojú rẹ̀, ó ń ráhùn pé ó ti tóbi jù. Funfun ni, ó sì gùn. Onígbàjámọ̀ gbá a lọ́wọ́ mú.

"Kì í ṣe irú èyí lò ń gbé wá fún mi."

"Irú ẹ̀ ni. Mú igò rẹ wá ká wò ó."

Ó délé, ó béèrè igò. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti ń jù wọ́n nù kí àlejò má bàa rí wọn. Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé e wá?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ẹni tó ní kó fẹ́ òun lójú ti fi ata sẹ́nu. Nígbà tí Ọlọ́dà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tọ̀dàtọ̀dà lọ́wọ́, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbọ́ tòun, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Ẹ̀gbọ́n ní òun ti bá a wá ojúlówó. Wóró funfun, gígùn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Nígbà tó yá, ikọ́ lọ, ṣòkòtò dúró nídìí, àwọn oníbàárà padà. Láràárọ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, tó sì ń gégùn-ún fún Ọlọ́dà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ẹ̀gbọ́n lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, bọ́tìnnì já lára ẹ̀wù onígbàjámọ̀, ló bá gbé agolo sọ̀ kalẹ̀ láti wá òmíràn.

Abẹ́ bọ́tìnnì ni àwọn igò wà, ẹyẹ kékeré lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn kún fún wóró funfun, gígùn, àfi àwọn tí Ẹ̀gbọ́n ti ń bù nínú wọn fún un láti ìgbà tí Ọlọ́dà ti lọ.