Ojú Òsì

Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni nọ́ọ̀sì ń bi onífọ́tò ní ìbéèrè mẹ́rin kan náà: orúkọ rẹ̀, ibi tó wà, oṣù tí a wà, àti ẹni tí obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé í ṣe. Lẹ́yìn náà, á tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Dúdú ojú méjèèjì á súnkì fún ìmọ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára.

Aránṣọ ni obìnrin náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Àwọn méjì péré ló kù fún ara wọn, láti ọjọ́ tí orí ti fọ́ ìyá wọn láàárọ̀ nídìí aṣọ tó ń fọ̀, tí kò sì rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló wú nínú ọpọlọ onífọ́tò, tó sì bẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ìpéǹpéjú rẹ̀ kan ti wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oorun ló ń kùn ún, kó lọ sùn. Ọ̀rọ̀ tí aránṣọ sọ yẹn ṣì ń dùn ún.

Wọ́n ti dí ibi tó bẹ́ náà, àmọ́ ewu kò tíì tán. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sílẹ̀ lè mú kí àwọn iṣan tó kù súnkì, kí ọpọlọ má rí ẹ̀jẹ̀ tó. Ní ọjọ́ keje, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ onífọ́tò lẹ́nu. Wọ́n ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ iṣan itan rẹ̀, wọ́n tì í dé ọpọlọ, wọ́n da oògùn síbẹ̀, àwọn iṣan náà sì là.

"Ó lè padà o," ni dókítà wí. "Màmá, ẹ bá wa ṣọ́ ọ. Tó bá ti sọ ohun tí kò bá a mu, ẹ pè wá kíá. Tá a bá pẹ́, apá kan ọpọlọ á kú."

Aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó kó aṣọ tó fẹ́ ṣẹ́ létí wá, ó sì jókòó tì í. Ó fa kọ́tìnì dí fèrèsé, ó ní oòrùn ń da abúrò òun láàmú. Ó so ìborí mọ́ orí gírígírí, ó fà á wálẹ̀ dé ojú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òwú tàsé ihò abẹ́rẹ́.

"Màmá, ẹ lọ sinmi ná," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ta ni yóò bá mi ṣọ́ ọ? Orí lásán ló ń fọ́ mi. Àìsùn kì í pa èèyàn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, onífọ́tò dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ la ojú òsì yín dáadáa. Ojú méjèèjì ò dọ́gba."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ni ọkùnrin náà fi ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, kò sì sí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ tí kò sọ ọ́ fún: ẹ gbé àgbọ̀n sókè, ẹ la ojú kó dọ́gba, ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Ọ̀gá onífọ́tò, ṣọ́ọ̀bù yín kọ́ lẹ wà o!"

"Ilé ìwòsàn ni mo wà. Mo mọ̀."

Ní ọ̀sán, ó tún un sọ. "Ó ti tún wálẹ̀ sí i."

Àyà aránṣọ já. Ó di nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mú. "Ó ti padà dé. Ojú tirẹ̀ ìjọ́sí ló ń rí lára mi. Ẹ pe dókítà!"

Dókítà dé. Omijé ti ń bọ́ lójú onífọ́tò.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Kí la ò rí, ọ̀gá?"

"Ojú!"

Dókítà wo nọ́ọ̀sì, ó ní àwọn gbọ́dọ̀ tún ki okùn náà bọ iṣan onífọ́tò. Kò fi ohun kankan pa mọ́ fún aránṣọ: okùn náà lè gún iṣan lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dúró, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mú ìwé wá; ìlà tó yẹ kí aránṣọ fọwọ́ sí di méjì lójú rẹ̀. Ó rò pé omijé ni, ó sì fọwọ́ sí ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń ti bẹ́ẹ̀dì jáde, onífọ́tò ṣì ń na ọwọ́ sí i.

Ó jókòó síbi tí bẹ́ẹ̀dì ti kúrò. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Tí eléyìí bá lọ, ó ku òun nìkan láyé.

Lẹ́yìn wákàtí kan, dókítà wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Màmá, ẹ kú oríire. Iṣan kankan ò súnkì, gbogbo rẹ̀ là gbòò. Ara abúrò yín ti ń yá. Èmi ò mọ ohun tó ń mú un sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ọpẹ́ o," ni aránṣọ wí. Ó tú ìborí rẹ̀, ó fi nu ojú. Dókítà fa kọ́tìnì ṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, oòrùn sì kún inú yàrá.

Ìgbà náà ni dókítà rí ìpéǹpéjú òsì aránṣọ tó ti wálẹ̀ pátápátá, ó fa tọ́ọ̀ṣì yọ, ó fi ìka gbé e sókè, ó tan iná sí i, dúdú ojú náà kò sì súnkì.